Ogún Bàbá Oníyàwó Mẹ́rin Lórí Pẹpẹ Ìwé Lọ́yà

Bí ẹ bá wọ ọ́fíìsì lọ́yà kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí ojú yín yóò kọ́kọ́ rí ni ìwé. Wọ́n tò láti ilẹ̀ dé àjà, ẹ̀yìn wọn jọra, nọ́ńbà nìkan ni a fi ń dá wọn mọ̀. Ẹni tó bá ẹjọ́ ilẹ̀ wá yóò jókòó, yóò wò wọ́n títí, yóò sì máa rò ó lọ́kàn pé ta ló ka gbogbo eléyìí. Kò sẹ́ni tó kà á tán o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó ni wọ́n gan-an kò kà á tán. A kì í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ọ̀rọ̀ bá le ni a máa ń tọ̀ ọ́ lọ, bí a ṣe ń tọ àgbà ilé lọ.

Ẹ ṣáà mọ bí ìjà ogún ṣe máa ń rí nínú agboolé. Àwọn àgbà á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnì kan á sì bèèrè pé, "Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nílé yìí rí?" Gbogbo ojú á yí sí ìyá tó ti pẹ́ jù nínú ilé, ẹni tó rántí ẹni tó gba yàrá wo àti ìdí tí wọ́n fi fún un. Ìyá á ní, "Ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí bàbá Làmídì kú. Báyìí báyìí ni wọ́n ṣe pín in." Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìyá gbè á ní kí wọ́n tẹ̀lé e. Ẹni tí kò gbè kò ní pe ìyá ní òpùrọ́. Yóò ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá, ṣùgbọ́n ti Làmídì yàtọ̀. Òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ fowó kọ́ ilé yẹn."

Iṣẹ́ tí lọ́yà ń ṣe níwájú adájọ́ nìyẹn gẹ́lẹ́. Yóò fi han adájọ́ pé irú ẹjọ́ yìí ti wáyé rí, àti bí wọ́n ṣe dá a. Bí ìdájọ́ àtijọ́ náà bá wá ń gbe alátakò rẹ̀, yóò wá ibi tó ti yàtọ̀ kàn. Ìwé àkójọ ìdájọ́ tó kún orí pẹpẹ, ìrántí ìyá àgbà ni, tí wọ́n kọ sílẹ̀ kí ó má bàa bá a lọ sọ́run. Ibi tí ìwé sì ti ju ìyá lọ ni pé ìyá lè gbàgbé, ó sì lè fẹ́ràn ọmọ ọkọ kan ju èkejì lọ. Orúkọ àwọn adájọ́ wà nínú ìwé, orúkọ àwọn lọ́yà wà níbẹ̀, ohun tí oníkálukú sọ wà níbẹ̀, ìdí tí adájọ́ fi gba ti ẹnì kan tí kò gba ti ẹnì kejì náà wà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ baálé kò ṣe lè borí ọ̀rọ̀ ọba, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́ gíga kò lè yẹ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, tí ti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì borí gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ẹjọ́ kan gan-an. Bàbá kan kú, kò kọ wíìlì. Ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, pẹ̀lú ilé. Ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín in sí ni, àbí ọ̀nà mẹ́sàn-án? Bí ìyàwó kan bá bí ọmọ kan ṣoṣo tí orogún rẹ̀ bí mẹ́rin, ẹ̀yin náà rí i pé ìjà ti wà nílẹ̀.

Ìwé tí lọ́yà ilẹ̀ Yorùbá máa ń kọ́kọ́ nawọ́ mú nírú ọ̀ràn yìí ni èyí tí G. B. A. Coker kọ, *Family Property among the Yorubas*, tó jáde ní 1958. Irú ìwé àlàyé bẹ́ẹ̀ kò lè de adájọ́ lọ́wọ́. Ọ̀nà ló ń júwe: yóò sọ ohun tí àṣà wí, yóò sì tọ́ka sí ẹjọ́ tí wọ́n ti dá lórí rẹ̀. Irú rẹ̀ náà ni ti Akinọlá Àgúdà lórí ẹ̀rí, ti Nwabueze lórí ilẹ̀, àti ti Ọbiladé tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òfin fi bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá kan ìwé àkójọ ìdájọ́, ìyá àgbà á sì fọhùn. Ó ṣẹlẹ̀ rí! Súbérù Dáwódù kú l'Ékòó ní 1940, ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án, kò sí wíìlì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, Adájọ́ Jibówù ní kí wọ́n pín in dọ́gba fún àwọn ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, nítorí pé pípín in ní ìdí igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ìpín kan, kò bá ẹ̀tọ́ mu mọ́ lójú tirẹ̀. Wọ́n pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní 1958, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà nígbà náà yí ìdájọ́ yẹn padà, ó ní ìdí igi ni àṣà Yorùbá. Ẹjọ́ náà tún wọ ọkọ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, síwájú ìgbìmọ̀ Privy Council, àwọn náà sì fọwọ́ sí i ní 1962. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ yẹn kò sọ orí ò jorí, ìyẹn pípín in dọ́gba fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, nù. Ó ní bí àwọn ọmọ bá ń jà lórí bí ìpín yóò ṣe rí, olórí ẹbí láṣẹ láti ní kí wọ́n pín in lórí ò jorí, ohun tó bá sì wí ni wọn yóò ṣe.

Ta wá ni olórí ẹbí? Pẹpẹ yẹn náà ló ní ìdáhùn, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole tí wọ́n dá l'Ékòó ní 1908. Bí bàbá bá kú, àkọ́bí ọkùnrin tó wà láàyè, tí wọ́n ń pè ní dáwódù, ló máa jẹ olórí ẹbí. Bí dáwódù náà bá kú, ọmọ tó tẹ̀lé e lọ́jọ́ orí ló kàn, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Mo mọ agboolé púpọ̀ tí wọ́n ṣì ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin wọn títí di òní pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìdájọ́ yẹn ti wà nínú ìwé, ì bá wù mí kí gbogbo ọmọbìnrin mọ̀ ọ́n.

Ẹ ó tún rí i tí lọ́yà ń kọ àwọn nọ́ńbà kan tó dà bí àfọ̀ṣẹ. Wọ́n á kọ ọ́ báyìí: Savannah Bank v. Ajilo, 1989, 1 NWLR, Pt. 97, 305. Àdírẹ́sì ni. Àwọn tó ń bá ara wọn ṣẹjọ́ ló ṣáájú, ọdún tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ìdìpọ̀ kìíní, orúkọ ìwé, apá kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún, ojú ewé 305. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí ilé tí wọ́n fi dúró fún owó báńkì láìgba àṣẹ gómìnà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìdógò yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978. Ẹ wo bí èyí ṣe kan àwọn ọmọ mẹ́sàn-án wa, bí ọ̀kan nínú wọn bá yọ́ lọ gbé ìwé ilé bàbá fún báńkì.

NWLR yìí, ìyẹn Nigerian Weekly Law Reports, Gàní Fawẹ̀hìnmi ló dá a sílẹ̀ ní 1985. Wọ́n mọ Gàní sí ajìjàgbara, ìjà rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ológun ni a sì sábà máa ń rántí. Lójú tèmi, ìwé tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yìí kò kéré sí ìjà yẹn rárá, nítorí ó mú kí lọ́yà tó wà ní ìlú kékeré lè mọ ohun tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wí láìpẹ́ tí wọ́n wí i.

Ẹ̀yin ìyá tó ń se oúnjẹ mọ èyí: iṣu lè dára lóde kí inú rẹ̀ ti jẹrà. Ẹ kì í gbé e láti orí àká kí ẹ sì sọ ọ́ sínú ìkòkò. Ẹ ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ ó gé orí rẹ̀ wò. Òfin náà ń jẹrà lórí pẹpẹ, èèpo ìwé kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo Òfin Ẹ̀rí. Èyí tí a ń lò láti 1945 ni wọ́n gbé tì ní 2011. Ti 2011 ló ní abala 84, tó sọ ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe kí ilé ẹjọ́ tó gba ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde. Ní 2023, wọ́n tún tún un ṣe nítorí àwọn àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ. Bí àwọn ọmọ bàbá yìí bá ti gbà lórí WhatsApp bí wọn yóò ṣe pín ilé, tí lọ́yà wọn sì ń lo ìwé àtijọ́, yóò gbé ẹ̀rí tó dára dé iwájú adájọ́, yóò sì pàdánù rẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdájọ́: lọ́yà ní láti wò ó bóyá ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ ti fagi lé e.

Ìwé ìlànà ilé ẹjọ́ kò nípọn, kò sì lẹ́wà, síbẹ̀ òun ló ń pa ẹjọ́ jù. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ti ilé ẹjọ́ gíga Èkó yí padà ní 2019, ti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2024. Òfin tún dá ọjọ́: ẹni tí ìdájọ́ ìkẹyìn ilé ẹjọ́ gíga kò tẹ́ lọ́rùn nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn ní oṣù mẹ́ta láti pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Bí kì í bá ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn, ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni.

Ẹ̀rọ ti dé báyìí. LawPavilion wà, lọ́yà á tẹ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan, ẹjọ́ á sì jáde. Ó dára púpọ̀ fún wíwá nǹkan. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka àkópọ̀ tó wà lókè nìkan, tí wọ́n sì ń gbé e lọ ilé ẹjọ́. Olóòtú ló kọ àkópọ̀ yẹn, adájọ́ kọ́. Nígbà mìíràn ohun tí adájọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ lásán ni olóòtú kọ síbẹ̀ bí ẹni pé òun gan-an ni ìdájọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìyá wí gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá fúnra rẹ̀.

Lọ́yà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò lè ra gbogbo rẹ̀, kò sì pọn dandan. Kí ó kọ́kọ́ ra Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 pẹ̀lú gbogbo àtúnṣe rẹ̀, Òfin Ẹ̀rí, ìwé ìlànà ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ rẹ̀, àti ìwé àlàyé kan ṣoṣo lórí iṣẹ́ tó bá ń ṣe jù. Àkójọ ìdájọ́ wà ní yàrá ìkàwé ilé ẹjọ́, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá tí kì í ta kò ó kí ọmọdé wá jókòó kà á. Bí ìdájọ́ tó nílò kò bá tíì sí nínú ìwé kankan, kí ó lọ sí ilé ẹjọ́ tó dá a, kí ó sanwó, kí ó gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí, kí ó sì so ó mọ́ ìwé àròyé rẹ̀ kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé.