Ìpamọ́, Ààbò àti Ìdásí: Èdè-Ìperí fún Ìmọ̀ Ẹ̀dá Igbó láti Ẹnu Àwọn Onímọ̀

1. Ìfáárà

Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, tí a ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ó hàn gbangba pé èdè yìí lè ru ẹrù ìmọ̀ tuntun bí a bá wá òṣùká tí ó yẹ fún un. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ti ń tẹ̀síwájú. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ní ọdún kan náà ni ìwé Z. O. Gbile jáde ní Ìbàdàn lórí orúkọ tí Yorùbá ń pe àwọn ewéko Nàìjíríà.

Ẹ̀ka ìmọ̀ kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka náà ni ìmọ̀ nípa ẹranko àti ewéko inú igbó, nípa bí a kò ṣe ní pa wọ́n run, àti nípa bí a ṣe lè máa lo àyíká kí ó má tán mọ́ wa lọ́wọ́. Àléébù yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sára pátákó ní ẹnu ọ̀nà igbó ni ọdẹ yóò fi mọ ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì í lọ́nà, ọdẹ ni yóò jẹ̀bi, ẹranko ni yóò sì kú.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń wá ti wà lẹ́nu àwọn tí igbó jẹ́ ibi iṣẹ́ wọn, àti pé èrò mẹ́ta tí ó yàtọ̀ síra ni a ti ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè.

2. Àwọn tí ó yẹ kí a bi léèrè

Ìmọ̀ igbó kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọdẹ mọ ipa ẹsẹ̀, ibùsùn àti àkókò ìjẹ ẹran. Ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹtu, esúró, èkùlù àti àgbọ̀nrín. Atúmọ̀ èdè tí ó bá kọ “ẹtu” fún gbogbo wọn ti sọ ìmọ̀ ọdẹ nù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́wẹ́ ọmọ mọ ewé àti egbò. Lékuléja, tí ń ta awọ, orí àti ìyẹ́ ẹran gbígbẹ lọ́jà, mọ èyí tí ó ti wọ́n ju ti àná lọ, nítorí pé iye owó ni ó kọ́kọ́ ń sọ fún un pé ẹran kan ti dín kù nínú igbó. Àgbẹ̀ mọ ilẹ̀ tí ó ti ṣá àti èyí tí a ti fi sílẹ̀ kí ó sinmi. Ẹ̀ṣọ́ igbó mọ òfin àti ààlà. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ẹranko mọ ìbátan tí ó wà láàrin ẹ̀yà kan àti èkejì, ó sì mọ bí a ti ń ka iye wọn.

Ọ̀nà tí a ń gbà béèrè ṣe pàtàkì. Kò yẹ kí olùwádìí gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka iwájú ọdẹ kí ó sì ní kí ó túmọ̀ rẹ̀. Ìdáhùn àfipáwá ni yóò rí gbà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú igbó ni kí ó fi béèrè: “Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, bí ẹ bá dé ibi tí erin ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, tí ẹ kò sì rí ipa kankan mọ́, báwo ni ẹ ṣe ń sọ ọ́?” Ọ̀rọ̀ tí ó bá jáde lẹ́yìn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdábọwọ́.

3. Ẹran, ẹranko àti ẹ̀dá igbó

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni orúkọ ohun tí a ń sọ nípa rẹ̀ gan-an. Nínú èdè Yorùbá, “ẹran” ni èyí tí ń rìn, òun náà ni èyí tí ó wà nínú ìkòkò. “Ẹran ọ̀sìn” kò mú ìṣòro wá, ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé kí a má ṣe pa “ẹran ìgbẹ́” run, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn olùgbọ́ ni ọbẹ̀. “Ẹranko” sàn jù, nítorí pé kì í ṣe orúkọ oúnjẹ. Síbẹ̀, ẹranko kò kó igi, ewé, olú àti kòkòrò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ yìí kan gbogbo wọn. Nítorí náà, “ẹ̀dá igbó” ni ó yẹ kí a lò fún àpapọ̀ wọn, kí “ẹranko” sì wà fún ìpín tirẹ̀. “Àyíká” ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, kò sì sí ìdí láti pààrọ̀ rẹ̀.

4. Ìpamọ́, ààbò àti ìdásí

Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. “Ìpamọ́” ni ọ̀pọ̀ atúmọ̀ èdè máa ń kọ́kọ́ mú. Ṣùgbọ́n owó àti aṣọ ìyílé ni à ń pa mọ́: à ń gbé e kúrò lójú ẹlòmíràn títí di ọjọ́ tí ẹni tí ó ni ín yóò fẹ́ lò ó. Bí a bá kọ “igbó ìpamọ́” sára pátákó, ìbéèrè tí ó tọ́ sí ọdẹ láti béèrè ni pé: ta ni ó pa á mọ́, ta ni ó sì pa á mọ́ fún? Ọ̀rọ̀ náà kò parọ́ mọ́ ìtàn, nítorí pé igi gẹdú wà lọ́kàn ìjọba amúnisìn nígbà tí ó ń pààlà sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn igbó wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí onímọ̀ òde òní ń sọ nìyẹn.

“Ìtọ́jú” náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Aláìsàn, ọmọdé àti ilé ni à ń tọ́jú. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹgàn tí ọkọ̀ àti àdá kò tíì wọ̀ kò fẹ́ kí ọwọ́ ènìyàn ṣiṣẹ́ lára rẹ̀; ohun tí ó ń fẹ́ ni kí ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. “Ààbò” ni ó bá èyí mu, nítorí pé ẹni tí a dáàbò bò ni a gbà lọ́wọ́ ewu tí ń bọ̀ láti ìta.

Ọ̀rọ̀ tí a kì í sábà rí nínú ìwé ni “dá sí”. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í se gbogbo iṣu rẹ̀ tán. Ó ń dá díẹ̀ sí fún èbù. Jagunjagun tí ó ṣẹ́gun lè dá ẹ̀mí ẹni tí ó mú lẹ́rú sí. Nínú àpẹẹrẹ méjèèjì, ẹni tí ó dá nǹkan sí ní agbára láti lò ó tán, ó sì fi ọgbọ́n kó ara rẹ̀ níjàánu. Èyí gan-an ni onímọ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ọdẹ, agégẹdú àti apẹja.

Àwọn kan lè sọ pé “ìdásí” yóò dàrú mọ́ ti ẹni tí ó dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Gírámà fúnra rẹ̀ ni ó yanjú èyí. Nínú “dá ẹranko sí”, àbọ̀ wà láàrin “dá” àti “sí”. Nínú “dá sí ọ̀rọ̀”, àbọ̀ tẹ̀lé “sí”. A ń sọ pé “ó dá a sí” fún ti àkọ́kọ́, “ó dá sí i” fún ti èkejì. Nítorí náà, “dídá ẹ̀dá igbó sí” ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ lò, kí ó tó gé e kúrú sí “ìdásí” nígbà tí kíláàsì bá ti mọ ohun tí à ń sọ.

Igbó Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn fi hàn pé ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Ní 1925 ni ìjọba pààlà sí i. Ní 1946, a ya apá kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé igi tàbí ṣọdẹ níbẹ̀. Ní 1977, àjọ UNESCO gbà á sínú ètò rẹ̀ lórí ènìyàn àti àyíká, ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1971. Gbogbo ilẹ̀ igbó náà tó 130,500 hẹ́kítà. Irú igbó tí ó bá wà nínú ètò yìí ni a ń pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àárín gbùngbùn rẹ̀ kò ṣe é fọwọ́ kàn: ààbò ni. Agbègbè tí ó yí àárín ká gba ìwádìí àti ìlò díẹ̀ tí kò ní pa àárín lára: ìdásí ni. Ẹ̀yìn odi, níbi tí àwọn ènìyàn ń gbé tí wọ́n sì ń dáko, ni a ti ń wá ọ̀nà ìlò tí yóò bá ọmọ àti ọmọ-ọmọ: èyí ni a lè pè ní “ìlò àlòpẹ́”, tí ó dojú kọ “ìlò àlòtán”. Bí a bá kọ “ìpamọ́” sí gbogbo ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, báwo ni àgbẹ̀ yóò ṣe mọ ibi tí oko rẹ̀ ti tọ́ àti ibi tí ó ti di ẹ̀ṣẹ̀?

5. Èèwọ̀ àti òfin

Àwọn atúmọ̀ èdè mìíràn a máa kọ “èèwọ̀” fún ohun tí òfin ìjọba kò gbà láyè. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. Ẹni tí ó bá rú òfin yóò dé ilé ẹjọ́. Ẹni tí ó bá jẹ èèwọ̀ kò nílò ọlọ́pàá kí ó tó mọ̀ pé òun ti ṣẹ̀. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, méjèèjì pàdé. Èèwọ̀ ni láti pa ẹja odò náà tàbí láti ṣọdẹ nínú igbó náà, kí ìjọba tó sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, kí UNESCO sì tó kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Olùkọ́ tí ó bá pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ kò ní lè ṣàlàyé ìdí tí igbó kékeré náà fi ṣẹ́ kù láàrin ìlú.

Ti igún sì burú jù. Yorùbá ní: a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Síbẹ̀, à ń rí orí rẹ̀ lórí àtẹ lékuléja. Ní 2015, àjọ IUCN gbé igún tí a mọ̀ sí Necrosyrtes monachus sí ìpele ewu tí ó ga jù lọ fún ẹ̀dá tí ó ṣì wà nínú igbó, nítorí májèlé, ọdẹ àti òwò ẹ̀yà ara rẹ̀. Igún ni ó ń kó òkú ẹran kúrò nílẹ̀ kí ó tó di àrùn. Èèwọ̀ tí ó ti rọ nílò òfin. Òfin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ yé nílò èèwọ̀. Kí olùkọ́ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì hàn bí wọ́n ti rí.

6. Àwátì, ìkúrun àti ìparun

Ìdáhùn tí ó bá ìbéèrè inú ìpín kejì mu ni “ó ti di àwátì”. Ọ̀rọ̀ yìí péye: a wá a, a kò rí i. Kò sọ pé kò sí níbòmíràn. Erin ti di àwátì ní ọ̀pọ̀ igbó ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ṣì wà ní igbó Omo. Ẹ̀dá tí kò sí níbikíbi mọ́ láyé nílò ọ̀rọ̀ mìíràn, “ìkúrun” sì bá a mu. Irú rẹ̀ ni ẹ̀yà àgbáǹréré dúdú ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, tí IUCN kéde ìkúrun rẹ̀ ní 2011. “Ìparun” yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé “pa” ń béèrè apani. Gbogbo ìparun ẹ̀yà ni ó ń yọrí sí ìkúrun, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìkúrun ni ó wá láti ọwọ́ ènìyàn.

Fún ìpele ewu mẹ́ta tí IUCN ń lò, àbá tí ó rọrùn ni “nínú ewu”, “nínú ewu ńlá” àti “ní bèbè ìkúrun”. Ẹni tí ó bá mọ bèbè odò mọ bí ó ti kù díẹ̀ tó.

7. Orúkọ ẹ̀yà

Nígbà mìíràn, ìmọ̀ tuntun a máa pín ohun tí èdè so pọ̀. “Erin” kan ni Yorùbá mọ̀, ṣùgbọ́n ní 2021, IUCN ya erin Áfíríkà sí ẹ̀yà méjì: Loxodonta cyclotis tí ń gbé inú ẹgàn, tí ó wà ní bèbè ìkúrun, àti Loxodonta africana tí ń gbé inú ọ̀dàn, tí ó wà nínú ewu ńlá. “Erin ẹgàn” àti “erin ọ̀dàn” tó fún wọn, nítorí pé ọdẹ ti mọ ẹgàn yàtọ̀ sí ọ̀dàn.

Ẹyẹ kan tún wà, Malimbus ibadanensis, tí J. H. Elgood ṣàpèjúwe fún àwọn onímọ̀ ní 1958. Dúdú àti pupa ni ìyẹ́ rẹ̀, ìbátan ẹ̀gà ni, kò sì sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Orúkọ Ìbàdàn wà nínú orúkọ Látìn rẹ̀. Ó yẹ kí ìwé kíkà ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ìbàdàn pè é ní “ẹ̀gà Ìbàdàn”, títí a ó fi gbọ́ orúkọ tí àwọn ọdẹ àdúgbò ń pè é.

8. Àkójọ àbá

Ẹ̀dá igbó: àpapọ̀ ẹranko, ewéko àti ohun abẹ̀mí gbogbo tí a kò sìn tí a kò sì gbìn.
Ààbò: gbígba ẹ̀dá tàbí ibùgbé rẹ̀ lọ́wọ́ ewu, láìfọwọ́ kàn án.
Ìdásí: lílo díẹ̀ àti fífi èyí tí yóò bí òmíràn sílẹ̀.
Ìlò àlòpẹ́: ìlò tí kò ní jẹ́ kí ohun tí à ń lò tán fún ìran tí ń bọ̀.
Àwátì: ẹ̀dá tí a kò rí mọ́ ní agbègbè kan.
Ìkúrun: òpin ẹ̀yà kan ní gbogbo ayé.
Ìparun: ìkúrun tí ó ní apani.

Kí àbá wọ̀nyí tó wọ ìwé kíkà, ó yẹ kí a dá wọn padà sọ́dọ̀ ọdẹ, lékuléja àti ẹ̀ṣọ́ igbó. Bí ẹ̀ṣọ́ àti ọdẹ bá gbọ́ gbólóhùn kan náà tí wọ́n sì sọ ohun kan náà pé òun ni ó ní kí àwọn ṣe, ọ̀rọ̀ náà ti yege. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a tún un ṣe kí a tó kọ ọ́ sára pátákó.