Bẹ́ ẹ ṣe lè to ojú projector kó mọ́lẹ̀ kedere: àmọ́ ẹ ṣọ́ ojú tiyín náà

Nígbà tí Olóyè Hubert Ògúńdé gbé fíìmù 'Ayé' jáde lọ́dún 1979, ilé sinimá àti gbọ̀ngàn ńlá làwọn èèyàn ti ń lọ wò ó. Lónìí, ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri, ìyẹn projector, ti wọnú ilé. Ẹni tó bá ní in n'Ígàngán lè kó ọmọ, ọmọ-ọmọ àti bàbá àgbà jọ síwájú ògiri funfun kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bẹ́ ò bá to ojú ẹ̀rọ náà dáadáa, àwòrán á ṣú, orí á sì máa fọ́ àwọn tó ń wò ó.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí ló ṣáájú. Nọ́ńbà kan máa ń wà nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá, òun lẹ máa fi lọ́po ìbú àwòrán tẹ́ ẹ fẹ́. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 1.5, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kí àwòrán fẹ̀ tó mítà 2, mítà 3 ni kẹ́ ẹ fi jìnnà sí ògiri.

Ẹ jẹ́ kó dojú kọ ògiri gan-an. Bó bá gbójú sókè, òkè àwòrán á fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní bọ́tìnnì tó ń tún èyí ṣe, àmọ́ kì í jẹ́ kí àwòrán mọ́ tó bó ṣe yẹ. Ó sàn kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ sípò tó tọ́.

Ẹ tàn án, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20, torí pé ooru máa ń yí ojú ẹ̀rọ padà díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yí òrùka tó ń sọ àwòrán di ńlá tàbí kékeré, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yí èyí tó ń jẹ́ kó mọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, láàárín àti ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí àárín bá mọ́ tí apá kan ò mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rọ náà dojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lásìkò ọyẹ́, eruku kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ n'Íbàràpá. Ẹ pa ẹ̀rọ, kó tutù, kẹ́ ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ tí wọ́n fi ń nu gíláàsì ojú nù ún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ má fi itọ́, kẹrosíìnì tàbí etí bùbá nù ún.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ wo inú ojú ẹ̀rọ tó bá wà ní títàn, iná ibẹ̀ lè ba ojú jẹ́. Bó bá jẹ́ òkè àjà lẹ fẹ́ gbé e kọ́, igi àjà ni kí káfíńtà kàn án mọ́, kì í ṣe pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìta gbangba, níbi tó jìnnà sí fèrèsé, ni kí jẹnẹrétọ̀ wà, nítorí èéfín rẹ̀ ń pààyàn.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ló kù. Bí gbogbo ilé bá ní àwòrán mọ́, tí Màmá ṣì ń sọ pé kùrukùru lòun ń rí, ẹ má yí òrùka mọ́. Dígí kan wà nínú ẹyinjú àwa èèyàn náà, ó sì lè ṣú báyìí bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. Dókítà ojú lè yọ ọ́, kó fi tuntun sí i. Ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú. Ẹ má gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti dígí náà sẹ́yìn nínú ojú o. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gba ibẹ̀ ló fọ́jú pátápátá. Ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, kóun náà lè bá yín wo fíìmù.