Oúnjẹ Ilé Ọmọláńgidi: Bí Àwọ̀ Ṣe Wọ Inú Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ ṣíṣe àfarawé oúnjẹ ní kékeré ti ṣẹ̀ yóò ní láti padà sí ilẹ̀ Íjíbítì àtijọ́, nítorí pé nínú ibojì ìjòyè kan tó ń jẹ́ Meketre ní Thebes ni àwọn awalẹ̀pìtàn ilé ọnà Metropolitan ti New York ti rí àwọn ère onígi ní ọdún 1920, èyí tó ṣàfihàn ilé ìṣebúrẹ́dì, ilé ìpọntí àti ibi ìpẹran, tí ọjọ́ orí wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 4,000 ọdún. Àwọn ará Íjíbítì kò gbẹ́ wọn fún eré rárá, ìgbàgbọ́ wọn ni pé ibẹ̀ ni olóògbé yóò ti máa rí jẹ. Igi ni wọ́n gbẹ́ kí wọ́n tó fi ọ̀dà kùn ún, ọ̀nà kan náà yìí, ìyẹn kí a mọ nǹkan tán kí a tó kùn ún, ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Yúróòpù sì ń tọ̀ nígbà tí wọ́n ń fi POP, ẹ̀tù funfun tó máa ń le bí a bá pò ó mọ́ omi, ṣe oúnjẹ sí ilé ọmọláńgidi. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ló bí eku méjì nínú nínú ìwé ọmọdé tí Beatrix Potter gbé jáde ní 1904, nítorí pé ẹran orí tábìlì kọ̀, kò ṣeé gé.

Àléébù ọ̀dà ni pé ara nìkan ló ń mọ, bẹ́ẹ̀ ọsàn tí a là, inú ni ẹwà rẹ̀ wà. Jámánì ni ojútùú ti wá. Sofie Rehbinder-Kruse, ọmọ Käthe Kruse tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí ọmọláńgidi ṣíṣe, rí ohun èlò oníke kan tí kò wúlò fún ilé iṣẹ́ ìyá rẹ̀, ó tún un ṣe, ó sì ń tà á fún àwọn tó ń fi ọwọ́ mọ nǹkan, títí ilé iṣẹ́ Eberhard Faber fi rà á ní 1964, tí ó sì di èyí tí à ń pè ní Fimo. Amọ̀ oníke yìí kì í dá gbẹ. Inú ààrò tó gbóná dé ìwọ̀n 110 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń le láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èyí tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé àwọ̀ rẹ̀ wọ inú dé òpin.

Láti ṣe ọsàn, oníṣẹ́ á mọ amọ̀ aláwọ̀ ọsàn tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá sí ọ̀pá onígun mẹ́ta, á fi amọ̀ funfun pẹlẹbẹ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, á kó wọn jọ yípo gẹ́gẹ́ bí awẹ́, á tún fi funfun wé gbogbo rẹ̀, kí ó tó fi àwọ̀ èèpo bò ó. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fún ìtì náà, tí yóò sì máa fà á gùn díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní nípọn ju pẹ́ńsù lọ, bẹ́ẹ̀ àwòrán inú rẹ̀ kò ní bàjẹ́, ó kàn ń kéré sí i ni. Yóò gbé e sí fíríìjì kí ó le díẹ̀, kí bíléèdì má baà tẹ̀ ẹ́ wọlé bó bá ń gé e, ibi yòówù tí ó bá sì ti gé e, awẹ́ ọsàn ni yóò hàn. Ní ìwọ̀n 1:12 tí ilé ọmọláńgidi sábà máa ń lò, ìyẹn ínṣì kan dípò ínṣì méjìlá, ọsàn tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méje kò ní ju mìlímítà mẹ́fà lọ.

Búrẹ́dì tún gba ojú inú ju ọsàn lọ, nítorí pé iná ló ń fún búrẹ́dì gidi láwọ̀. Oníṣẹ́ á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gún ara amọ̀ náà kí ó lè rí hágahàga, á ha ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ilẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú, á sì fi í pa orí búrẹ́dì náà kí ó tó wọ ààrò, ṣùgbọ́n yóò fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní funfun níbi tí búrẹ́dì kan ti fara ti èkejì.