Ọ́ìlì Wo Ni Ká Dà sí Power Steering Ọkọ̀ Akẹ́rù Àtijọ́?

Bí ẹ bá ra Hilux tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1995, ẹ ó gba kọ́kọ́rọ́, ẹ ó gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ìwé ìtọ́nisọ́nà tí Toyota ṣe fún ọkọ̀ náà kì í sábà bá a dé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ́ìlì sítíárìn ti ń dàrú. Mẹkáníìkì kan á ní ATF ni, èkejì á ní èyí tí wọ́n kọ "power steering fluid" sí lára ni, ẹlòmíì á sì fẹ́ da ọ́ìlì bíréèkì sí i, pé ọ́ìlì ṣáà ni gbogbo wọn. Ẹni kẹta yìí ni kí ẹ sá fún jù.

Ẹni tó bá ti ṣe fluid mechanics ní ẹ̀ka wa á rántí Pascal. Pọ́ǹpù tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń ti ọ́ìlì lọ sínú gíà sítíárìn, ìtì yẹn ló sì ń bá ọwọ́ yín yí taya. Ó lè ju 1,000 psi lọ bí ẹ bá yí sítíárìn dé òpin. Bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ taya ọkọ̀ kékeré kò ju bí 30 sí 35 lọ. Ohun tó ń dí irú agbára bẹ́ẹ̀ mọ́nú ni àwọn ọ́ìlì síìlì, rọ́bà lásán. Rọ́bà náà bá ọ́ìlì tó ti ara epo rọ̀bì wá mu, ṣùgbọ́n glycol ni ọ́ìlì bíréèkì tí à ń lò. Bó bá kàn wọ́n, wọ́n á wú, wọ́n á rọ̀, wọ́n á sì máa jò. Nínú ọkọ̀ tó ti lé ní 25 ọdún, tí rọ́bà rẹ̀ ti gan tẹ́lẹ̀, kì í pẹ́ rárá. Ọ́ìlì tó ń kán sórí páìpù èéfín gbígbóná lè gbaná. Bí ó bá sì jò tán nígbà tí ọkọ̀ ru iṣu dé orí kọ́nà, sítíárìn á ṣàdédé wúwo mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́.

Ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì náà sí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ nu ìdọ̀tí orí rẹ̀ kúrò. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé Dexron II tàbí III ni kí ẹ lò. ATF nìyẹn, ọ́ìlì pupa ti gíà atómátíìkì. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bá yín jiyàn ní Ládípọ̀ pé ti gíà ni, kì í ṣe ti sítíárìn, ẹ fi ìdérí hàn án.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ford àwọn ọdún 1980 sábà ń béèrè Type F. Honda ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn mọ́tò Jámánì kan ń lo CHF 11S aláwọ̀ ewé, tí a kì í pò mọ́ ATF. Àwọ̀ nìkan kò sì tó: Type F pupa, Dexron náà pupa.

General Motors kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ orúkọ Dexron III mọ́ láti ìparí ọdún 2006. Dexron VI ló rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, "Dexron III" tí ẹ rí lára ike lónìí, ọ̀rọ̀ ẹni tó pò ó ni. Ti ilé-iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni mo ń rà, n kì í ra èyí tí wọ́n ń rọ láti inú kẹ́ẹ̀gì. Dexron VI ṣàn ju III lọ díẹ̀. Fún pọ́ǹpù tó ti gbó, irú ti III tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Bí ẹ kò bá mọ ohun tó wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má kàn bù kún un. Ẹ fi síríǹjì ńlá fa ti àtijọ́ jáde, ẹ da tuntun sí i dé àmì, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ tún fà á, títí yóò fi mọ́. Ẹ má dì í mú ní òpin pẹ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọ́ìlì bíréèkì ni wọ́n ti dà sí i, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú họ́ọ̀sì, kí wọ́n gbẹ́ gbogbo rẹ̀ dànù.

Ọ́ìlì sítíárìn kì í jó tán bí bẹntiróòlù. Bó bá ń dínkù, ó ń jò níbì kan. Ẹ wá ibẹ̀ kí ẹ tó ra ike mìíràn.