Kí Ohùn Màmá Má Baà Já: Wáyà àti Driver Kọ̀ǹpútà Ilé



Orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kí Màmá ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ náà ni olùkọ́ ọjọ́ Sátidé ti ń kọ́ wọn ní Yorùbá. Ohùn ló sì gbé èdè wa ró. Igba, igbá, ìgbà, ìgbá: lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí Màmá bá ń ki ọmọ, tí ìpè ń já, ìdajì oríkì ló máa dé etí ọmọ. Ohun tí ọmọ ò gbọ́ dáadáa, báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́?

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà la máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Ṣùgbọ́n bí ìpè olùkọ́ tẹ́ ẹ jọ wà nílùú kan náà bá ń já, ẹ wo inú ilé yín ná. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó lè wà nínú àpò ṣòkòtò. Kẹ́ ẹ tó ra kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ yẹ nǹkan méjì wò.

Wáyà

Ògiri máa ń dín agbára Wi-Fi kù, Wi-Fi aládùúgbò sì máa ń dí i lọ́wọ́. Wáyà tó lọ tààrà láti ara router sí kọ̀ǹpútà kò ní wàhálà yẹn.

Wọ́n máa ń kọ irú rẹ̀ sára rẹ̀. Cat5e ń gbé gígábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, títí dé mítà 100. Cat6 lè gbé 10, bí kò bá gùn ju nǹkan bíi mítà 55 lọ. Cat6a ń gbé 10 náà dé mítà 100. Ní ti Cat8, ilé ńlá tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà jọ sí ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má fowó ṣòfò lé e lórí. Cat5e tàbí Cat6 tó fún ilé.

Ẹ rí i pé bàbà gidi ni. Èyí tí wọ́n kọ CCA sí, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ó sì tètè ń kán.

Okùn tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú wáyà yìí, gígábíìtì sì nílò gbogbo wọn. Bí ilẹ̀kùn bá tẹ ọ̀kan já, wáyà lè máa ṣiṣẹ́ lọ ní mẹ́gábíìtì 100 láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Nínú Windows 11, ẹ lọ sí Settings, Network & internet, Ethernet, kẹ́ ẹ wo Link speed. Bí router àti kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ ti gígábíìtì, tẹ́ ẹ wá rí 100/100 dípò 1000/1000, ẹ pààrọ̀ wáyà. Lóòótọ́, 100 tó fún ìpè fídíò, àmọ́ àmì ni pé wáyà náà ti ń kú lọ.

Driver

Driver ni ògbufọ̀ láàárín Windows àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kámẹ́rà tàbí máíkìrófóònù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ògbufọ̀ láàárín Màmá àti ọmọ mọ bó ṣe ń rí tí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́.

Ẹ ṣí Windows Update, ẹ tẹ Advanced options, lẹ́yìn náà Optional updates. Ibẹ̀ ni driver tuntun máa ń wà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lọ sí ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín. Ìpolówó tó bá ń pariwo pé driver yín ti gbó, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o. Kòkòrò ni òmíràn ń kó wọlé.

Bí nǹkan bá ń lọ dáadáa, ẹ fi driver sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé tuntun ló dá wàhálà sílẹ̀, ẹ wá a nínú Device Manager, ẹ tẹ Properties, Driver, kẹ́ ẹ tẹ Roll Back Driver.

Alẹ́ ọjọ́ Fráídè ló dáa kẹ́ ẹ ṣe é, kí kíláàsì Sátidé tó dé. Ẹ pe ọmọ síbẹ̀. Ẹ gbé ẹnu wáyà sínú ìmọ́lẹ̀, kó fi Yorùbá ka àwọn okùn rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀jọ.