Ìdánwò Agbára Ara fún Ọmọ Ogun: Kí Ló Ń Mú Un Ṣe É Gbẹ́kẹ̀ Lé?

Ìwé yìí wà fún ọmọ Yorùbá tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àti fún òbí rẹ̀ tó ń gbọ́ pé wọ́n ti tún ìdánwò náà yí padà. Wọn kò kàn fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré o. Ìdí wà.

Ti àtijọ́

Láti 1980, ohun mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe: push-up fún ìṣẹ́jú 2, sit-up fún ìṣẹ́jú 2, àti eré máìlì 2. Aago kan àti pápá ti tó. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe sit-up lójú ogun? Àpótí ọta ìbọn ni wọ́n ń gbé níbẹ̀, ẹni tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n ń wọ́ kúrò níwájú ọ̀tá. Ẹni tó fúyẹ́, tó lẹ́sẹ̀ eré, lè gba máàkì rẹpẹtẹ kó má sì lè wọ́ ẹnì kejì rẹ̀.

Ìbéèrè méjì

Ìdánwò gidi gbọ́dọ̀ wọn ohun tí iṣẹ́ ń béèrè. Bí ẹlòmíràn bá sì dúró ka iye, kí èsì má yàtọ̀.

Ẹ wo push-up. Sájẹ́ǹtì kan á ní ó pé, èkejì á ní ìgbọ̀nwọ́ kò tẹ̀ tó. Nínú ìdánwò tuntun, àyà gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, kí ọwọ́ méjèèjì kúrò nílẹ̀, kí a nà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kí a tó tún ti ara sókè. Àríyànjiyàn dín kù. Ní ti ẹrù nǹkan bí kílò 40 tí wọ́n tún ń wọ́ nílẹ̀ nínú ìdánwò náà, pápá fúnra rẹ̀ ń dá sí i: wíwọ́ rẹ̀ lórí koríko tútù àti lórí koríko gbígbẹ kò lè rí bákan náà. Nítorí náà, irú ilẹ̀ kan náà ló yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ lò.

Nígbà kan, wọ́n ní kí ológun rọ̀ mọ́ ọ̀pá irin, kí ó fa orúnkún dé ìgbọ̀nwọ́, láti fi mọ agbára ikùn. Apá á ti rẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn kí ikùn tó ríṣẹ́ ṣe, nítorí náà apá ni wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní 2022, wọ́n sì fi plank rọ́pò rẹ̀: ìgbọ̀nwọ́ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ nílẹ̀, ara gbọnrangandan bíi pákó.

Láti oṣù kẹfà 2025, ìdánwò márùn-ún ló kù, jíju bọ́ọ̀lù wúwo tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ. Máàkì 60 ló kéré jù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 300. Iṣẹ́ ojú ìjà ń béèrè 350. Ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò níbẹ̀, wọn kì í wo akọ tàbí abo.

Bí ẹ bá ń múra sílẹ̀

Ẹ mọ ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ̀jẹ̀ AS pọ̀ láàárín wa. Kò ní kí ènìyàn má ṣe ológun, ṣùgbọ́n eré àsápajúdé láìtíì mọ́ ara lára, pàápàá nínú oòrùn, léwu fún ẹni tó jẹ́ AS. Ẹ sọ fún oníṣègùn ẹgbẹ́ yín, ẹ mu omi, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé rọ, tàbí tí ìtọ̀ bá dúdú lẹ́yìn eré, ẹ dúró, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni bá pè yín ní ọ̀lẹ.