Ìtẹ́ Ṣáájú Ẹyin

Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Obídìẹ tí kò rí ìtẹ́, inú igbó ni yóò yé sí. Ejò ni yóò jèrè rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kétu, bí obídìẹ yín bá tó nǹkan bí oṣù 6, tí ogbe rẹ̀ pọ́n, tí ó ń yọjú sí kọ̀rọ̀, ẹ má ṣe lé e, ẹ má sì tà á. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sínú agbọ̀n àtijọ́ níbi tó ṣókùnkùn. Ẹ fi òkúta róbótó kan síbẹ̀ bí ẹyin. Ẹ lọ ìkarahun ìgbín mọ́ oúnjẹ rẹ̀, kí èèpo ẹyin lè le.

Ẹyin àkọ́kọ́ a máa kéré. Ẹ ṣe sùúrù, èyí tí ń bọ̀ yóò tóbi.